Lẹ́tà Méjì Tó Dojú Bolẹ̀

Ìrẹsì ni Màmá Zoila ń fọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi àgbàlá nígbà tí Ìyá Nélida, ará yàrá kejì, yọjú tòun ti ife kọfí lọ́wọ́. Òjò winniwinni Lima ti ń sẹ̀ láti ìdájí, gbogbo aṣọ tó wà lórí okùn ló tutù rinrin. Ìrẹsì ọ̀hún kì í ṣe ti ilé. Ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú ọkọ rẹ̀ ló gbé e wá, odidi àpò kan, wọ́n ní kó fi se ògì ìrẹsì fún àwọn tó máa wá kí òkú nírọ̀lẹ́. Òkú ọkọ rẹ̀ gan-an ni o.

"Ìyá Delfina, ẹ kú ọ̀fọ̀ o," ni Ìyá Nélida wí. "Ẹ tún ti wà lẹ́nu iṣẹ́?"

"Ta ló máa bá mi ṣe é?"

"Mo ní kí n béèrè ni. Ṣé wọ́n ti kọ orúkọ yín sínú ìwé ìròyìn?"

"Òní ló ń jáde. Delfina ló máa tò ó."

Ìyá Nélida mu kọfí díẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó wá sún mọ́ ọn. "N ò fẹ́ bà yín nínú jẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ rántí obìnrin ará Casma tó ń gbé yàrá kẹsàn-án. Ọkọ ẹ̀ kú, ìwé jáde, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀. Oṣù ò tíì parí tí wọ́n fi kó ẹrù ẹ̀ síta. Ẹgbẹ́ ló ni gbogbo yàrá tá a wà yìí. Obìnrin tí wọ́n bá kọ sínú ìkéde òkú, òun lopó lójú tiwọn, òun ni wọ́n ń fi yàrá sílẹ̀ fún. Èyí tí wọn ò kọ, àlejò ni."

"Obìnrin Casma ò lọ́mọ nílé ìtẹ̀wé."

"Ṣé Delfina ló wá ni ilé ìtẹ̀wé ni?"

Màmá Zoila da omi ìrẹsì nù. Omi funfun náà ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ Ìyá Nélida, ìyẹn sì fò sẹ́yìn. Bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, bóyá kò mọ̀ọ́mọ̀, n ò sí lọ́kàn rẹ̀.

Nínú yàrá, Delfina gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí bàbá rẹ̀ kú lé láàárọ̀ àná, ó ń fi òwú funfun di irun, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣọ̀fọ̀ bàbá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń bá bàbá rẹ̀, Yip Tin-yau, tò lẹ́tà ní *Ohùn Àtìpó*, ìwé ìròyìn tí àwa ará Ṣáínà tó wà ní Lima ń kà lédè wa. Bàtà àwọ̀sílé bàbá náà ṣì wà lábẹ́ ibùsùn, ọ̀kan dorí kodò bó ṣe bọ́ ọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó wù ú kó yí i padà, ọwọ́ rẹ̀ ò gbà á.

Ìyá rẹ̀ wọlé, ó ń fi yẹ̀rì nu ọwọ́.

"O gbọ́ ẹnu obìnrin yẹn? Òfófó ni ṣá."

"Kì í ṣòfófó, Màmá. Òótọ́ ló sọ."

Màmá Zoila fi yẹ̀rì náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa. Rí i pé o kọ mí. Má kọ Zoila, wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Kọ ọ́ bí bàbá ẹ ṣe ń pè mí. So-lai. N ò mọ bó ṣe ń rí nínú ìwé, àmọ́ ìwọ mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Tó bá jáde, wàá fi hàn mí."

"Màá fi hàn yín." Delfina so òwú náà, ó le koko jù, ó tún un tú. "Kí ló dé tí Bàbá ò fi lọ kọ yín sínú ìwé ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n wà láyé? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Màmá! Àtẹ̀gùn méjìdínlógún péré ni wọ́n máa gùn dé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ọjọ́ Àìkú gbogbo ni wọ́n ń gùn ún lọ ta ayò."

"Òkú ò tíì wọlẹ̀, o ti ń bá a jà."

"Mo ń béèrè ni."

"Lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀."

Ìyá náà kẹ̀yìn sí i, ó bu ògì ìrẹsì àná sínú àwo, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ó ní ata nínú, ata gígùn aláwọ̀ òféèfèé tí àwọn ará Catacaos, ìlú Màmá Zoila, ń fi sí ohun gbogbo. Bàbá Yip nìkan ni ọmọ Ṣáínà tí mo mọ̀ tó máa ń fi ata yẹn sí ògì ìrẹsì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin náà ti jó o lọ́fun. Delfina jẹ ṣíbí mẹ́ta. Kò lè jẹ ìkẹrin.

Ilé ìtẹ̀wé ò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ìgbà kan wà tí èèyàn mẹ́sàn-án ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní báyìí, àwọn ọmọ wa ò kàwé wa mọ́, ìwé ìròyìn èdè ìlú yìí ni wọ́n ń kà, àwọn àgbà sì ń kú níkọ̀ọ̀kan, nítorí náà Bàbá Kuan ló ń kọ ìròyìn, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá Yip àti Delfina ló ń tò ó, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tiburcio ló ń yí ẹ̀rọ. Àpótí lẹ́tà gba ògiri mẹ́ta láti ilẹ̀ títí dé òkè, lẹ́tà òjé nínú wọn lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ihò tirẹ̀. Ojú dídì ni Delfina lè fi mú èyíkéyìí nínú wọn. Lára ìṣó, ẹ̀wù iṣẹ́ Bàbá Yip ṣì kọ́ síbẹ̀, àpò rẹ̀ wú pẹ̀lú awò ojú rẹ̀.

Delfina ò jókòó lórí àpótí ìjókòó bàbá rẹ̀. Ó dúró.

Ó ti lọ síbi ihò méjì kan lápá ọ̀tún lókè kó tó ṣe nǹkan mìíràn. Ó mọ̀ wọ́n láti kékeré. Bàbá rẹ̀ ló gbé e sókè lọ́jọ́ kan, ó fi ìka rẹ̀ kan òjé méjì, ó ní, "Màmá rẹ nìyí." Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Kò sì fìgbà kan tò wọ́n papọ̀ sínú ìwé kankan, kò tiẹ̀ fi wọ́n tẹ ìwé ìkíni ọdún. Àṣé èèyàn lè mọ ibi tí orúkọ ìyàwó ẹ̀ wà, kó sì fi í síbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!

Alága Seto wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó gbọn òjò kúrò lára fìlà. Òun ló ni ilé oúnjẹ ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀ ọjà, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn ará Heungshan, ẹgbẹ́ Bàbá Yip. Ó mú ìkéde náà lọ́wọ́, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ dáadáa.

"Delfina, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Pẹ̀lẹ́. Bàbá ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà rí."

"Ẹ ṣé, sà."

Ó gba ìwé náà, ó kà á. Wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún ọjọ́ orí òkú, bí a ṣe máa ń ṣe, ọ̀kan fún ọ̀run, ọ̀kan fún ilẹ̀, ọ̀kan fún èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìyàwó: ti ilé Leung, tó wà nílé ní abúlé ní Ṣáínà. Ọmọkùnrin: Kwok-cheung. Ọmọ àbúrò Bàbá Yip ni èyí, inú lẹ́tà láti abúlé ni wọ́n ti fi í ṣọmọ fún un, kò fojú kan bàbá náà rí. Ọmọbìnrin: Wai-king. Wai-king ni Delfina.

"Wọ́n kọ mí síbẹ̀," ó wí.

"Ẹ̀jẹ̀ Yip ni ẹ́. Ta ló máa yọ ẹ́?"

"Ìyá mi ńkọ́?"

Alága wo Bàbá Kuan. Bàbá Kuan ń gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé, kò gbójú sókè.

"Ìyá ẹ," ni Alága wí, "ìyá ẹ ṣe dáadáa. Gbogbo wa la mọ̀. Òun náà ló ń se oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ yìí, àbí? Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún un kó má fi ata sí i. Àwọn àgbà ò lè jẹ ẹ́."

"Sà, mo ní kí ni ìyá mi ṣe tí ẹ ò fi kọ wọ́n?"

"Má bínú sí mi. Orúkọ kan ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́. Bàbá ẹ ló kọ ọ́ fúnra ẹ̀. Mi ò yọ nǹkan kan, mi ò fi nǹkan kan kún un."

"Ẹ ti jẹun ní ilé wa. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ń kó ṣíbí sí nílé wa."

Ó dun Alága, ó sì hàn lójú rẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó tún dé e. "Gbọ́ mi. A máa fi ẹ̀dà ìwé yìí ránṣẹ́ sí abúlé. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti ń dúró láti ogójì ọdún. Ogójì, Delfina. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí bàbá ẹ wọkọ̀. Ṣé kó ṣí ìwé pé ọkọ òun ti kú, kó tún bá orúkọ obìnrin mìíràn pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀? Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Delfina tún wo orúkọ ti ilé Leung nínú ìwé náà. Ó ti ronú kan obìnrin yẹn rí, ẹ má rò pé kò ronú kàn án. Ọdún Tuntun gbogbo ni bàbá rẹ̀ máa ń kọ lẹ́tà sí i, tí Màmá Zoila á sì dákẹ́ títí ọjọ́ náà á fi lọ. Obìnrin méjì, ọ̀kan ò ní ọkọ, ọ̀kan ò ní orúkọ, ọkùnrin kan ló wà láàárín, ó ń ta ayò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láàárín wa, àwọn bàbá wa náà ṣe é, kò sẹ́ni tó ń bi wá.

"Yàrá ńkọ́?" Delfina béèrè nígbẹ̀yìn.

"Ìyẹn ti ẹgbẹ́ ni. Ẹgbẹ́ máa jókòó." Ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Tò ó fún mi, ọmọ mi. Aago méjì ni kó jáde, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ kí wọ́n tó wá kí òkú."

Alága jáde lọ. Bàbá Kuan wúkọ́. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, kò lẹ́nikẹ́ni, bí àwọn èèyàn ṣe rò. Àmọ́ Delfina mọ̀ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Peregrina wà lọ́nà etí òkun ní Barranco, pé ó bí ọmọkùnrin méjì fún un, torí bàbá rẹ̀ ti rán an lọ síbẹ̀ nígbà kan tí àìsàn dá Bàbá Kuan dúbúlẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì rí Peregrina ní àdúgbò wa rí.

"Tò ó," ni Bàbá Kuan wí. "Tiburcio ti ń da òróró sí ẹ̀rọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, òjé ń dún kó kó kó nínú irin tó mú dání. Ó to orúkọ bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó to ti ilé Leung. Ó to Kwok-cheung. Ó to orúkọ ara rẹ̀, ìtìjú sì bò ó bíi pé ó jalè. Kí wọ́n kọ ọmọ, kí wọ́n má kọ ẹni tó bí i! Àbí ilẹ̀ ni wọ́n ti he òun ni?

Ó lọ mú òjé méjì náà wá láti apá ọ̀tún lókè. Ó tò wọ́n sábẹ́ ti ilé Leung: Ìyàwó: So-lai. Ó wò ó. Ó rẹwà. Ó sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ níbẹ̀. Bàbá Kuan á fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sí i, tàbí kó jáde lọ bẹ́ẹ̀ kí Alága ní ọmọdébìnrin ló fi ìbànújẹ́ ṣe àṣìṣe, kí wọ́n tún un tẹ̀ lọ́jọ́ Ajé láìsí i. Orúkọ tí ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì wọlé, wọ́n á tì í jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí gbogbo ẹni tó ń ka *Ohùn Àtìpó* mọ̀. Lẹ́tà wa pọ̀, ilé ìtẹ̀wé wa ò ní gbogbo rẹ̀. Bí a bá kan èyí tí kò sí, a kì í fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo. A ó mú òjé mìíràn tó bá a dọ́gba, a ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ìdí rẹ̀ á wà lókè, á sì tẹ ìlà dúdú méjì tó nípọn sórí ìwé. Ẹsẹ̀ òjé là ń pè é. Lóṣù tó kọjá, ẹlẹ́ja kan gbéyàwó, lẹ́tà kan nínú orúkọ rẹ̀ ò sí ní gbogbo Lima. Ẹsẹ̀ òjé ni wọ́n tẹ̀, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Ẹlẹ́sẹ̀ títí Bàbá Kuan fi gbẹ́ lẹ́tà náà sára igi. Ẹni tó bá rí ẹsẹ̀ òjé kì í rò pé kò sí ohun kan níbẹ̀. Ó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, àwa ni a ò ní ohun tí a máa fi pè é.

Delfina fa òjé méjì náà yọ. So. Lai. Ó yí wọn lórí, ó dojú wọn bolẹ̀, ó tì wọ́n padà sí àyè wọn. Kò mú òjé mìíràn. Àwọn méjì yẹn gan-an ló mú.

Tiburcio tẹ ẹyọ kan fún àyẹ̀wò. Bàbá Kuan gbé e sábẹ́ iná, ẹnu rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á. Lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ rìn gba orí orúkọ òkú kọjá, ó rìn gba ti ilé Leung kọjá, ó dúró.

"Kí lèyí?"

"Lẹ́tà méjì ni, sà. Kò sí nínú àpótí."

"O ti wá a?"

"Mo ti wá a."

Ó gbójú sókè wo ògiri apá ọ̀tún. Láti ibi tó jókòó sí, èèyàn lè rí ihò méjì tó ṣófo. Ọkùnrin yìí ti ń bá Yip ṣiṣẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún, kò sí ihò kan tí kò mọ nǹkan tó wà nínú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Delfina di etí tábìlì mú. Tiburcio ń fi àkísà nu ọwọ́, ó ń dúró, kò mọ ohun tó ń lọ.

"Tí lẹ́tà ò bá sí," ni Bàbá Kuan wí, "kí ni èèyàn fẹ́ ṣe?"

Ó fọwọ́ sí i. Ó dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì gbọ́ tó ń wúkọ́ níbẹ̀, wọ́n gbọ́ títí.

Aago méjì kọjá díẹ̀, ìwé ti dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ní ilé agẹrun Loo, níbi tí àwọn bàbá wa máa ń jókòó láìgẹ irun, ibi ìkéde òkú tí ìlà dúdú yí ká ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, láti mọ ẹni tó kàn. Delfina ń gba iwájú ibẹ̀ lọ sílé láti bá ìyá rẹ̀ gbé ìkòkò. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó gbọ́ wọn.

"Ìyàwó, ti ilé Leung. Ìyàwó, ẹsẹ̀, ẹsẹ̀. Háà! Yip! Yip jẹ́jẹ́ yẹn!"

"Ta ni ẹlẹ́sẹ̀ yìí?"

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ata ẹ̀ ló ń mú ẹ sunkún lọ́dún Tuntun."

"Obìnrin Yip? Wọn ò ní lẹ́tà tiẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní wọn ò ní in."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan wá sọ fún agẹrun pé, "Ìwọ Loo ńkọ́? Lọ́jọ́ tí o bá kú, ẹsẹ̀ mélòó ni wọ́n máa tẹ̀ fún ẹ?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Delfina dúró lẹ́bàá ògiri, ó ń retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀. Abẹ fẹ́lẹ́ ló gbọ́, tó ń lọ lára awọ tí Loo fi ń pọ́n ọn. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n gbé ìkòkò dé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, òjò ti dá, àwọn èèyàn sì ti ń gun àtẹ̀gùn. Wọ́n tẹ́ Bàbá Yip sí iwájú, wọ́n wọ ẹ̀wù fún un tí kò ní nígbà tó wà láyé. Lápá òsì pósí, níbi tí ìyàwó máa ń jókòó, wọ́n gbé àga kan sí, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Obìnrin abúlé ló ni ín. Ẹni tó bá wá kí òkú á tẹríba lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún pósí, á yíjú, á tẹríba fún àga. Màmá Zoila dúró sẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, òun àti ìkòkò rẹ̀, ó ń bu ògì ìrẹsì tí kò lata. Ó ti wọ aṣọ dúdú rẹ̀, ó sì lẹ òdòdó òwú funfun mọ́ irun, èyí tí kò sẹ́ni tó fún un. Òun ló rán an.

Alága Seto bá Delfina lórí àtẹ̀gùn.

"Kí lo tẹ̀ yẹn?"

"Lẹ́tà ò sí, sà."

"Má fi mí ṣeré, ọmọbìnrin yìí! Mi ò kọ ọ́ fún ẹ. Kò sí nínú ìwé mi."

"Ẹ béèrè lọ́wọ́ Bàbá Kuan."

Bàbá Kuan ń gun òkè bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó di irin àtẹ̀gùn mú, èémí rẹ̀ ń já. Alága yíjú sí i. "Kuan, ṣé ó ṣojú ẹ?"

"Kò sí nínú àpótí," ni Bàbá Kuan wí.

"Kí ni àtúnṣe ọjọ́ Ajé máa wá sọ? Hẹn? Kí lẹ máa kọ síbẹ̀?"

Bàbá Kuan tún gun àtẹ̀gùn kan sókè.

Alága rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, torí àwọn èèyàn ń kọjá. "Ó dáa. Ẹgbẹ́ ti jókòó lọ́sàn-án yìí lórí yàrá yín, ẹ máa kó jáde. Ìparí oṣù. Mi ò fẹ́ ariwo, Delfina, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni ìyá ẹ ti máa gbọ́ ọ. Ìwọ lo máa sọ fún un." Ó gòkè lọ, ó sì ń kí àwọn àlejò.

Ìparí oṣù. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. Delfina kà á lórí ìka, ó tún un kà.

Bàbá Kuan wọlé síwájú rẹ̀. Ó lọ síwájú pósí, ó tẹríba lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó yíjú sí àga funfun, ó tẹríba. Lẹ́yìn náà, dípò kó lọ jókòó, ó rìn gba àárín gbọ̀ngàn padà sẹ́yìn, bàtà rẹ̀ ń dún lórí pákó, gbogbo ojú sì ń tẹ̀ lé e. Ó dúró níwájú Màmá Zoila, ó sì tẹríba, ó rẹlẹ̀ dáadáa, bí a ṣe ń ṣe fún opó.

Màmá Zoila mú ìgbakọ dání, kò mọ ohun tó máa ṣe. Ó rò pé ògì ló fẹ́. Ó bu ògì. Ó wá rí ojú rẹ̀, ó gbé àwo náà kalẹ̀, òun náà sì tẹríba.

Delfina wo gbogbo gbọ̀ngàn. Èèyàn tó ń lọ bí ọgọ́ta ló wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn sì wà lápò ẹ̀wù ọ̀pọ̀ wọn, tí wọ́n ti kà. Loo agẹrun ń wo bàtà rẹ̀. Àwọn mìíràn ń wo àga. Kò tún sí ẹni tó dìde.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán nígbà tí gbogbo ògì parí. Màmá Zoila jókòó sórí àtẹ̀gùn lóde gbọ̀ngàn, ó bọ́ bàtà, ó ń ra ẹsẹ̀. Delfina jókòó tì í.

"O rí Kuan?" ìyá rẹ̀ béèrè. "Ọkùnrin tí kì í kí mi lọ́jà."

"Mo rí wọn."

"Wọ́n ti kà á nìyẹn. Níbo ló wà? O ní wàá fi hàn mí."

Delfina yọ ìwé náà láti abẹ́ apá, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún ìyá rẹ̀. Ìlà dúdú yí i ká, lẹ́tà wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹ orí bolẹ̀ sí i, ó ń wá ara rẹ̀.

"Èwo ni bàbá ẹ?"

"Èyí tó tóbi yìí."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi nìyí, nísàlẹ̀."

"Èmi dà?"

Delfina mú ìka ìyá rẹ̀, ìka tó ti hunjọ nítorí omi ìrẹsì, ó gbé e lé orí àwọn ìlà dúdú náà. "Ẹ̀yin nìyí. So. Lai."

Màmá Zoila fi ìka náà rìn lórí rẹ̀ lọ, ó rìn bọ̀. Yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ tán, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ó dúdú ju ti gbogbo wọn lọ," ó wí. "Ẹni tí ò mọ̀wé pàápàá á rí i." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé o máa ṣe é. Ìyá Nélida á pa ẹnu dé lónìí. Ní báyìí tí mo ti wà nínú ìwé, ta ló máa wá ní kí n kó ẹrù?"

Delfina tún ń ka ọjọ́ mọ́kànlá náà lórí ìka.

Ìyá rẹ̀ ká ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó fi í sí àyà, ó wọ bàtà. "Ó yá, jẹ́ ká lọ. Mo fẹ́ lọ ṣí fèrèsé, yàrá á ti máa rùn." Ó gbé ìkòkò kékeré, Delfina gbé èyí tó tóbi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lọ sílé.